Orúkọ wo ni ó yẹ kí n fún àwòrán fódà tí mo yà?

Ìbéèrè, láti Ọ̀yọ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń ya àwòrán fódà fún kọ̀ǹpútà mi tí ó ń lo Linux. Igbá fínfín ìlú wa ni mo wò yà wọ́n: igbá tí ọmọrí wà lórí rẹ̀ ni fódà tí a pa dé, èyí tí a ṣí ọmọrí rẹ̀ ni fódà tí a ṣí. Mo sọ ti ìwé ní «àpótí-ìwé.svg», mo sọ ti orin ní «àpótí-orin.svg», síbẹ̀ fódà àtijọ́ ni ó ṣì ń yọ. Ó dùn mí, nítorí mo fẹ́ kí iṣẹ́ náà jẹ́ Yorùbá látòkè délẹ̀. Kí ni mo ṣe tí kò tọ́?

Èsì, láti Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ kú làálàá, ọ̀gá mi. Orúkọ ni kọ̀ǹpútà fi ń wá àwòrán. Ìlànà freedesktop.org, iṣẹ́ àjọṣe tí ó ń ṣe ìlànà fún ètò Linux, tí GNOME àti KDE (àwọn ètò tí ó ń gbé ojú-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà hàn lórí Linux) jọ ń tẹ̀ lé, ti la orúkọ sílẹ̀: folder ni fódà lásán, folder-open ni èyí tí a ṣí, user-home ni fódà ilé ẹni, user-trash ni ibi ìdalẹ̀nù, ó sì di user-trash-full bí nǹkan bá wà nínú rẹ̀. Lẹ́tà kékeré ni a fi ń kọ ọ́, láìsí àlàfo. Ọ̀rọ̀ tí ó gbòòrò ni ó ń ṣáájú, èyí tí ó ṣe pàtó a sì tẹ̀ lé e, kí ó lè jẹ́ pé bí ẹ kò bá tíì ya folder-music, ètò tí ó béèrè rẹ̀ lè gé ìrù orúkọ náà kúrò, kí ó sì mú folder yín lò.

Èsì, láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ní Ọ̀yọ́:
Ẹ jẹ́ kí n fi ti àmì ohùn kún un. Ẹ wo «ọ́»: ẹnìkan lè tẹ «ọ» kí ó tó fi àmì òkè lé e, ẹlòmíràn lè tẹ «ó» kí ó tó fi àmì sí ìsàlẹ̀. Bákan náà ni wọ́n rí lójú wa, ṣùgbọ́n orúkọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè ni wọ́n lójú kọ̀ǹpútà. Nítorí náà, ẹ má fi Yorùbá sọ fáìlì àwòrán lórúkọ; inú index.theme, fáìlì tí ó ń sọ orúkọ àkójọ àwòrán yín fún kọ̀ǹpútà, ni kí ẹ kọ Yorùbá sí: Name[yo]=Igbá Ọ̀yọ́. Àwọn tí wọ́n bá ń fi Yorùbá lo kọ̀ǹpútà yóò rí i bẹ́ẹ̀.

Oníbèéèrè:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti yí wọn padà sí folder-documents àti folder-music, igbá mi sì ti yọ. Ó ku user-trash. N kò ní fi igbá tí a fi ń bu oúnjẹ gba ìdọ̀tí. Apẹ̀rẹ̀ ni n ó yà fún un.