Eyín ò dùn mí, wọ́n ní kíláàsì 3 ni mí

Délé: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Army Reserve, àwọn sójà tí kì í ṣiṣẹ́ ológun lójoojúmọ́, ni mo wà níbí ní Amẹ́ríkà, yúníìtì wa máa lọ sókè òkun lóṣù mẹ́ta sí i, wọ́n wá yẹ ẹnu wa wò lọ́jọ́ dúrìlì, ìyẹn ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wa, ni wọ́n bá ní kíláàsì 3 ni mí nínú bí wọ́n ṣe ń pín eyín àwọn sójà. Eyín kankan ò dùn mí, mo dẹ̀ ń fi jẹun dáadáa! Ṣé wọ́n máa yọ orúkọ mi ni?

Àǹtí Ṣadé: Àbúrò, fọkàn balẹ̀. Mo ti bá wọn ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú eyín àwọn sójà rí. Ìrora kọ́ ni wọ́n fi ń pín in o. Ohun tí wọ́n ń wò ni pé tí a bá gbé ẹni yìí lọ síbi tí kò sí dókítà eyín nítòsí, ṣé eyín ẹ̀ lè dá a dùbúlẹ̀ láàárín oṣù 12? Tí àyẹ̀wò ẹ bá ṣì wà lásìkò tí o ò dẹ̀ nílò ìtọ́jú kankan, 1 nìyẹn. Ihò kékeré tí kò tíì jìn, tàbí kí wọ́n kàn fọ eyín fún ẹ, 2 ni, àwọn méjèèjì yẹn lè lọ. Ihò tó ti jìn dé iṣan, eyín tó ti gbọyún sí gbòǹgbò, wisdom tooth, eyín tó máa ń hù kẹ́yìn lẹ́yìn ẹnu, tó ti ń wú, 3 ni gbogbo ẹ̀. Ẹni tí àyẹ̀wò ẹ̀ ti kọjá àsìkò tàbí tí wọn ò rí ìwé ẹ̀, 4 ni, eyín ẹ̀ ì báà funfun bí ẹfun. Kí ni wọ́n kọ fún ẹ?

Délé: Eyín 19 mà, èyí tó tóbi nísàlẹ̀ lápá òsì. Wọ́n ṣe root canal sí i lọ́dún tó kọjá, ìyẹn ni pé wọ́n yọ iṣan inú ẹ̀, wọ́n fi nǹkan dí i fúngbà díẹ̀, mi ò padà lọ fi crown, ìbòrí líle tí wọ́n ń ṣe fún eyín, dé e.

Àǹtí Ṣadé: Ẹn-ẹ́n! Ohun tí wọ́n fi dí i yẹn ò lè gbé ọdún kan. Mo ti rí irú ẹ̀, dókítà fi irin ṣóńṣó kan etí ohun tí wọ́n fi dí eyín báyìí, irin wọlé bíi pé ọṣẹ tútù ni, ẹni tó jókòó sórí àga ò dẹ̀ mọ nǹkan kan. Wọ́n ti yọ iṣan tó yẹ kó dùn ẹ́ kúrò, ìyẹn ni ò ṣe dùn ẹ́. Itọ́ á máa yọ́ wọlé, eyín yẹn ò dẹ̀ lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀, tó bá là dé gbòǹgbò, yíyọ ló kù.

Bọ̀dá Kúnlé: Àǹtí ti sọ ọ́. Délé, gba fọ́ọ̀mù DD 2813, ìwé àyẹ̀wò eyín àwọn ológun, dókítà eyín tìẹ níta lè kọ ọ́, ibẹ̀ náà ló ti máa sọ bóyá wàhálà lè bẹ́ láàárín oṣù 12. Tí wọ́n bá ti ṣe crown yẹn tí ìwé ẹ̀ dẹ̀ wọlé, wọ́n máa yí kíláàsì ẹ padà, kì í ṣe àbàwọ́n rárá. Má jẹ́ kó ku ọ̀sẹ̀ méjì kẹ́ ẹ lọ o, torí crown sábà máa ń gbà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Tí orders, ìwé àṣẹ iṣẹ́ ológun, bá ti wà lọ́wọ́ ẹ, bi yúníìtì léèrè bóyá àwọn ló máa sanwó ẹ̀. Kó o dẹ̀ ṣe ẹ̀dà fọ́ọ̀mù yẹn! Tèmi sọnù lọ́jọ́sí, eyín mi pé pérépéré, 4 ni wọ́n kọ fún mi, mo tún lọ la ẹnu fún àyẹ̀wò kan náà lẹ́ẹ̀kejì.

Délé: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti pè wọ́n, ọjọ́ Túsìdeè aago 9 àárọ̀.

Àǹtí Ṣadé: Ó dáa. Gba x-ray root canal yẹn lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é, kó o mú un dání.