Sálẹ́ńsà tuntun: abẹ́rẹ́ kabúrẹ́tọ̀ ni kí n kọ́kọ́ gbé sókè ni, àbí kí n pààrọ̀ main jet?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá tó mọ̀ nípa alùpùpù. Mo fi sálẹ́ńsà tuntun tí kì í há èéfín mọ́nú rọ́pò èyí tó bá alùpùpù mi wá. Kabúrẹ́tọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, ló ń lò. N kò fọwọ́ kan fílítà afẹ́fẹ́ rẹ̀.

Láti ìgbà náà, tí mo bá dẹwọ́ lórí throttle (ọwọ́ tí a ń yí kí alùpùpù lè sáré) lójijì, páìpù á máa dún pàù-pàù. Ní ìdajì throttle, agbára rẹ̀ á máa lọ, á máa bọ̀. Mo tú pílọ́ọ̀gì wò, ó funfun báláú, ìyẹn ni pé epo tó ń wọlé kéré sí afẹ́fẹ́.

Mo ti yẹ oríkèé páìpù wò, kò jò. Mo tú síkúrúù epo, èyí tó ń darí epo lórí ìdúró, síta díẹ̀: ẹ́ńjìnnì wá ń dún geere lórí ìdúró, ariwo náà sì dín kù, àmọ́ ti ìdajì throttle kò yí padà rárá. Mo mọ̀ pé abẹ́rẹ́ ló ń darí ibẹ̀, pé bí mo bá sọ klíìpù rẹ̀ kalẹ̀ sí ojú tó tẹ̀ lé e, abẹ́rẹ́ á ga, epo á pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ní main jet (ihò kékeré tí epo ń gbà kọjá nínú kabúrẹ́tọ̀) tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ló yẹ kí n kọ́kọ́ fi sí. Ọkàn mi ò balẹ̀, torí àìtó epo a máa mú ẹ́ńjìnnì gbóná jù, ó sì lè ba písítìn jẹ́.

Nínú méjèèjì, èwo ló yẹ kó ṣáájú? Ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. Mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ yín sílẹ̀.