Shingles lọ́dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀ Ṣáínà: abẹ́rẹ́ iná, ife àti àgbo

Ẹ̀yin tí ẹ ń bèèrè bóyá abẹ́rẹ́ tí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ Ṣáínà fi ń gún awọ (kì í ṣe abẹ́rẹ́ oògùn) nìkan tó láti wo shingles, àìsàn ìléròrò tó ń ro gan-an: rárá. Fáírọ́ọ̀sì chickenpox tó ti ń sùn nínú gbòǹgbò iṣan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn ló jí, ó tọ ojú iṣan kan jáde, ìdí nìyẹn tí ìléròrò fi ń yọ sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Acyclovir, oògùn òyìnbó tó ń bá fáírọ́ọ̀sì jà, mílígíráàmù 800, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ fún ọjọ́ 7, ni ká kọ́kọ́ wá, kí wákàtí 72 tó kọjá lẹ́yìn tí ara bú. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò lágbára, dókítà á dín in kù. Ní ọ̀pọ̀ ọsibítù ìbílẹ̀ ní Ṣáínà, àpapọ̀ oògùn òyìnbó àti ti ìbílẹ̀ ni wọ́n ń lò.

Ẹ kú àlàyé. Ẹ jẹ́ kí n fi ti abẹ́rẹ́ iná kún un. Wọ́n á fi iodine nu ibẹ̀, wọ́n á mú abẹ́rẹ́ sójú iná sípíríìtì títí á fi pọ́n yòò. Ìléròrò tó kọ́kọ́ yọ ni wọ́n ń gún ṣáájú, kò ju mílímítà 2 sí 3 lọ: wọlé, jáde, kíá. Èyí tí kò pọ́n tó á lẹ̀ mọ́ awọ, á sì dá àpá. Lẹ́yìn náà ni ife gíláàsì á bo ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 sí 10, kí omi àti ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ jáde. (Ẹni tó mọ ìwo tí onígbàjámọ̀ fi ń fa ẹ̀jẹ̀ kò ní bẹ̀rù.) Omi ò gbọ́dọ̀ kan ibẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó má dé ìdí ẹ̀.

Àgbo ló ń bà mí lẹ́rù jù. Longdan Xiegan Tang, àgbo Ṣáínà kan, ni wọ́n ń sè nígbà tí ara bá pọ́n tó sì ń jó: longdancao gíráàmù 6, huangqin 9, zhizi 9, chaihu 6, àti ohun mẹ́fà míì. Wọ́n á rẹ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 30, wọ́n á sè é lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á da omi rẹ̀ pọ̀ fún àárọ̀ àti alẹ́. Inú aṣọ ni kí cheqianzi, kóró kan nínú ohun mẹ́fà yẹn, wà, torí ó ń yọ̀ bí ilá, á sì jóná nísàlẹ̀ ìkòkò. Bí ìgbẹ́ bá ń ṣàn, ẹ dá a dúró.

Mutong, òmíràn nínú ohun mẹ́fà yẹn, gan-an ni wàhálà. Guanmutong ni ọ̀pọ̀ ń fi sí i tẹ́lẹ̀, irú ewéko Aristolochia kan, tó ń ba kíndìnrín jẹ́, tó sì ń fa jẹjẹrẹ ojú ọ̀nà ìtọ̀. Ṣáínà fòfin dè é ní 2003. Mutong tó jẹ́ ti ewéko Akebia ló yẹ kó wà níbẹ̀. Páálí tí kò bá kọ orúkọ Látìn ewé inú rẹ̀ sára, ẹ má rà á. Xionghuang, òkúta lílọ̀ tí àwọn kan ń po mọ́ ọtí láti fi pa ara, arsenic (májèlé) ló wà nínú ẹ̀, kò yẹ kó dé ojú egbò.

Òótọ́ lẹ sọ. Fún ìrora tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí egbò san, abẹ́rẹ́ tútù, èyí tí wọn kò fi sójú iná, ni: wọ́n á gún un ní dídábùú yí ibi tó ń ro ká, wọ́n á tún gún ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn níbi tí iṣan náà ti jáde, á wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30. Ìwádìí lórí ẹ̀ pọ̀ ní Ṣáínà, àmọ́ ọ̀pọ̀ ló kéré, aláìsàn sì mọ̀ pé wọ́n gún òun, torí náà èrò rẹ̀ lè nípa lórí ohun tó sọ. Tó bá jẹ́ orí imú tàbí ìpéǹpéjú ló yọ sí, oníṣègùn ojú ni kó rí i lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹnikẹ́ni má fi abẹ́rẹ́ iná kàn án.