Ẹ má tíì lu ihò: fẹ́ríǹ lórí alùpùpù àtijọ́

Ọmọ Gbọ̀nmi, Calgary

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ọmọ Òròkí. Ìbéèrè tèmi tòní kì í ṣe ti físà, kì í ṣe ti owó ilé. Mo ra Honda CB750 ti ọdún 1978 lọ́wọ́ bàbá arúgbó kan níbí. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún kíkankíkan. Mo wá ra fẹ́ríǹ fún un, ìyẹn ẹ̀wù iwájú tó máa ń gba afẹ́fẹ́ kúrò láyà ẹni tó ń gùn ún. Ó dé lánàá nínú páálí ńlá. Fáíbà funfun báláú ni, kò sí ihò kan lára rẹ̀, kò sí irin tí a ó fi gbé e kọ́, kò sí ìwé kankan tó ṣàlàyé. Mo ti cháàjì dírìlì mi, Sátidé ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ta ló ti ṣe irú ẹ̀ rí?

Ọmọ Òkè-Fíà, Houston

Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọ̀kadà lẹ fẹ́ fi ṣe nínú yìnyín ni? Ẹ jọ̀ọ́, èló ni láti ibẹ̀ dé Ọjà Ọba?

Ẹ má bínú, mi ò mọ nǹkan kan nípa fẹ́ríǹ. Mo kàn ń kọjá lọ ni.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, Leeds

Àbúrò Calgary, gbé dírìlì yẹn sílẹ̀ ná.

Mo ti ṣe é rí, ilé ni mo sì ti ṣe é, ní Òṣogbo, nínú oṣù Kejìlá tí mo lọ kí ìyá wa. Honda CG125 tí bàbá wa fi ṣiṣẹ́ tíṣà ni. Wọ́n máa ń gbé èmi àti àpò gààrí sórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àpò gààrí níwájú, èmi lẹ́yìn. Láti ìgbà tí wọ́n ti papò dà, ẹ̀yìn ilé ló wà, adìẹ ń yé sábẹ́ rẹ̀. Mo ra fẹ́ríǹ kékeré kan níbí, irú èyí tó bo iná iwájú nìkan, mo di aṣọ àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sínú ikùn rẹ̀, ó sì bá mi dé ilé láìfọ́. Bàbá mẹkáníìkì wa yí i síwá yí i sẹ́yìn, wọ́n ní, "Kí ni ọ̀kadà fẹ́ fi agbádá ṣe?" Láti ọjọ́ náà, agbádá ni orúkọ rẹ̀ nínú ilé wa.

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án tí n ó padà. Ìkánjú yẹn ló kọ́kọ́ ba iṣẹ́ jẹ́. A gbé ọ̀kadà sórí sítáǹdì, a gbé agbádá síwájú rẹ̀, ó rẹwà lójú wa, la bá lu ihò mẹ́rin lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo. Inú mi dùn, mo gùn ún jáde. Mo dé Ọláìyá, mo fẹ́ ṣẹ́ kọ́nà, ni àtàǹpàkò mi bá há sáàárín ọwọ́ ọ̀kadà àti etí fẹ́ríǹ. Ọwọ́ ò yí mọ́, ọ̀kadà ò sì dúró. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá kan ń fun fèrè lẹ́yìn mi, ìyá kan tó ń sun àgbàdo dìde dúró. Ọlọ́run ló yọ mí. Èékánná yẹn dúdú bí aró fún oṣù méjì gbáko.

Ohun tí a kò rò ni pé, tí alùpùpù bá wà lórí sítáǹdì, tí kò sẹ́ni kankan lórí rẹ̀, fọ́ọ̀kì iwájú á na tán, gbogbo nǹkan á jìnnà síra wọn. Jẹ́ kí ènìyàn gùn ún, kó fa bíréèkì iwájú, kí fọ́ọ̀kì rì: mọ́dígáàdì ń bọ̀ lókè wá kan abẹ́ fẹ́ríǹ nìyẹn. Fẹ́ríǹ tí o bá dè mọ́ fírémù kì í bá ẹnikẹ́ni lọ. Ọwọ́ ń yí, òun ò yí. Mọ́dígáàdì ń gòkè ń sọ̀kalẹ̀, òun dúró gbagidi. Tó bá jẹ́ fọ́ọ̀kì lo dè é mọ́, yóò máa bá ọwọ́ yí, ṣùgbọ́n ìwúwo rẹ̀ ti bọ́ sórí ọwọ́ nìyẹn, afẹ́fẹ́ yóò sì máa tì í. Fẹ́ríǹ ńlá lórí fọ́ọ̀kì, tí eré bá pọ̀, alùpùpù lè bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. Èyí tó bá tóbi, fírémù ni kó o dè é mọ́.

Torí náà, Sátidé tó ń bọ̀, téèpù àti páálí ni iṣẹ́ rẹ. Fi páálí ìsàlẹ̀ fíríìjì gé irin ìdìmú ní àwòṣe, fi téèpù lẹ fẹ́ríǹ mọ́ ọn. Kí ẹnì kan tó wúwo bíi tìẹ jókòó lé e. Yí ọwọ́ dé òpin ọ̀tún, yí i dé òpin òsì, kí o di ọwọ́ mú bí ẹni ń gùn ún, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ òtútù tí ẹ máa ń wọ̀ níbẹ̀. Tí ìka méjì kò bá lè wọ àárín àtàǹpàkò rẹ àti fẹ́ríǹ, sún un síwájú. Lẹ́yìn náà, tan ẹ́ńjìnnì, jẹ́ kó máa kùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí o tún yí ọwọ́ láti òpin dé òpin. Tí ìró ẹ́ńjìnnì bá ń gòkè bí o ti ń yí i, kébù tó ń fún un níná ti há síbì kan. Ìyẹn léwu ju èékánná dúdú lọ, torí pé inú kọ́nà gan-an ni alùpùpù yóò ti fò mọ́ ọ lọ́wọ́.

Ohun kan tún wà tó jẹ́ ti Honda rẹ. Àwọn CB àtijọ́ yẹn, inú ikùn iná iwájú ni wọ́n kó èyí tó pọ̀ jù nínú wáyà pọ̀ sí. Tí o bá ṣí i láti gbé iná sínú fẹ́ríǹ, ìfun alùpùpù lo ń tú síta yẹn. Fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀ kó o tó tú ẹyọ kan. Rìwáyà tó bá wa ṣe tiwa kò ya nǹkan kan. Nígbà tó parí, tí mo bá tẹ fèrè, tíráfíkétọ̀ ọ̀tún ló ń tàn.

Ọmọ Gbọ̀nmi, Calgary

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an ni. Ihò mẹ́rin tí ẹ ti lu ńkọ́? Ṣé ẹ ju agbádá náà nù ni?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, Leeds

Ta ni yóò ju ohun tó wọ ọkọ̀ òfúrufú nù? A dí wọn. Bí a ṣe ń dí ihò fáíbà: láti inú ni, kì í ṣe láti ìta. Fi sáńdípépà nọ́ńbà 80 ha etí ihò náà nínú títí yóò fi dà bí ojú abọ́ pẹrẹsẹ, kí ohun tuntun lè rí ibi dì mú. Lẹ téèpù sí ìta, fi aṣọ fáíbà àti résìn (oje tó ń gan di líle) bò ó nínú, ìpele méjì tàbí mẹ́ta. Tó bá gbẹ, fíláà díẹ̀, ìyẹn lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi ń dí ojú kí ó tó gba ọ̀dà, ni yóò kù fún ìta. Fíláà nìkan nínú ihò, ìgbọ̀nrìrì ẹ́ńjìnnì yóò tu ú jáde bí eyín ọmọdé.

Ẹ̀kejì tí a wá lu, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni. Lẹ téèpù sójú ibi tí o fẹ́ lu, torí pé ìpele òde fáíbà máa ń ṣẹ́ wẹ́wẹ́ bí èèpo ẹyin. Ìta ni kí o ti lu ú wọ inú. Fi bíìtì mílímítà 3 ṣáájú, kí o tó fi ńlá tẹ̀lé e, má sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bóòtì mílímítà 6 ni tiwa, ihò mílímítà 8 la lu fún un, àyè tó kù, rọ́bà ló kún un. Rọ́bà wo? Fọ́kánásà ẹ̀gbẹ́ ilé wa gé túùbù ọkọ̀ àtijọ́ fún wa ní róbótó róbótó, kò tiẹ̀ gba kọ́bọ̀. Wọ́ṣà ńlá lẹ́yìn, nọ́ọ̀tì onírọ́bà tí kì í tú fúnra rẹ̀, kí o wé e títí rọ́bà yóò fi wú díẹ̀, kí o dáwọ́ dúró níbẹ̀. Ẹni tó bá wé e bíi nọ́ọ̀tì táyà, ojú rẹ̀ báyìí ni fáíbà yóò ti sán.

Irin ìdìmú, wẹ́dà ló jó o, irin pẹlẹbẹ mílímítà 3. Mo kọ́kọ́ fẹ́ lo alumíníọ́ọ̀mù torí pé ó fúyẹ́. Bàbá mẹkáníìkì ní rárá, wọ́n ní ẹ́ńjìnnì onísílíńdà kan ń gbọ̀n jù, alumíníọ́ọ̀mù tí wọ́n bá ń mì bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ yóò là níbi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Tìrẹ onísílíńdà mẹ́rin kò gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n irin ni mo ṣì máa fọwọ́ sí.

Ìyá Ìbejì, Hamburg

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni mo wà, fáíbà ni mò ń fọwọ́ kàn láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un.

Résìn polyester yẹn, catalyst rẹ̀, ìyẹn oògùn tó ń mú un gan, kì í ju ìdá 1 sí 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Lọ́sàn-án Òṣogbo, ìdá 1 ti tó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò gan mọ́ yín nínú abọ́ kẹ́ ẹ tó mú búrọ́ọ̀ṣì. Ní Calgary, ẹ má ṣe é nínú gáréèjì tí kò ní hítà. Tí òtútù bá ti wọ abẹ́ ìwọ̀n 15°C, yóò kàn máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bí oyin ni. Kíkún un ní catalyst ní àkúnjù kọ́ ni oògùn rẹ̀ o, ooru ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí èyí. Níbi tí wọ́n bá ti ń ta accelerator (èyí tó ń mú kó tètè gan) àti catalyst lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí wọ́n ṣe ń tà á nílé, ẹ má da àwọn méjèèjì pọ̀ mọ́ra láéláé. Wọ́n lè bú gbàmù. Ẹ po ọ̀kan mọ́ résìn dáadáa ná, kí èkejì tó wọ̀ ọ́. Catalyst nínú ojú, ojú lè lọ síbẹ̀. Awò ojú kì í ṣe oge.

Eruku fáíbà, omi tútù ni kẹ́ ẹ fi ṣan ara. Ẹ má wọ aṣọ tí ẹ fi ha á sùn. Ọkọ mi ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ilé ló bá a yún ara.

Àwa tí a wà ní Jámánì, fẹ́ríǹ tí kò bá ní ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní ABE, ọ̀dọ̀ TÜV, àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò, ni kẹ́ ẹ gbé e lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ tó gùn ún síta.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, Leeds

Ẹ ṣé, Ìyá Ìbejì. Ní UK níbí, ẹ sọ fún iléeṣẹ́ ìdójútòfò yín pé ẹ ti fi fẹ́ríǹ sí i. Bí ẹni tó ń ṣe MOT, ìyẹn àyẹ̀wò ọkọ̀, bá sì yí ọwọ́, tó kan fẹ́ríǹ, ẹ ó padà sílé lófìfo.

Ó ku ọ̀dà. Ìyà tó jẹ mí níbẹ̀ pọ̀ ju ti Ọláìyá lọ. Pénítà wa mọ iṣẹ́, n ò lè purọ́ mọ́ ọn. Mo fi àdìrẹ ìyá wa kan hàn án, mo ní àwọ̀ aró yìí gan-an ni mo fẹ́. Ó tẹ́ aṣọ náà sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń po dúdú mọ́ búlúù díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ìka kàn án, ó ń gbé e sí oòrùn, títí tí a ò fi mọ ìyàtọ̀. Ó wá fọ́n ọn. Kò tó ìṣẹ́jú kan, ọ̀dà náà ń sá kúrò lára fáíbà, ó ń dá ojú róbótó róbótó bí omi orí ewé kókò.

Epo ìda ló fà á. Nígbà tí wọ́n ń ṣe fẹ́ríǹ, wọ́n máa ń fi ìda pa inú móòdù kó má bàa lẹ̀, ìda yẹn sì ń bá a jáde. Ojú ò rí i. Bí o bá wá fi pépà ha á láìkọ́kọ́ fọ̀ ọ́, ṣe lò ń fi ìda náà ra á wọnú. Ọṣẹ ìfọbọ́ àti omi ni kí o kọ́kọ́ fi fọ tìrẹ, kí o fi omi ṣan án, kí o wá fi oògùn tó ń yọ ìda nù ún, aṣọ kan fún fífi sí i, aṣọ mìíràn tó mọ́ fún nínù kúrò. Bí omi bá tẹ́ pẹrẹsẹ lórí rẹ̀ tí kò kó jọ, ó ti ṣe tán. Ìgbà yẹn ni pépà tó wọ̀ ọ́: 180 sí ibi tí fíláà wà, 320 tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà práímà (ọ̀dà ìsàlẹ̀), kí o wá fi 600 pẹ̀lú omi ha á kí àwọ̀ tó dé.

Ọyẹ́ bá wa ṣe é lọ́nà kan, ó sì bà á jẹ́ lọ́nà kejì. Afẹ́fẹ́ gbẹ, ọ̀dà ò funfun bí ó ti máa ń ṣe nígbà òjò. Ṣùgbọ́n eruku! Aago mẹ́fà àárọ̀ la wọ́n omi sílẹ̀, a fọ́n ọn kí atẹ́gùn tó jí.

Ìpele tó ń dán lókè, lo èyí tó ní hádínà, oògùn tó ń mú ọ̀dà le. Èyí tó wà nínú agolo lásán, ẹ̀kán epo bẹntiróòlù kan ní ẹnu táǹkì yóò bó o.

Ìyá Ìbejì, Hamburg

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi ibẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ o. Èyí tó ní hádínà yẹn ní isocyanate nínú, kẹ́míkà tó léwu fún ẹ̀dọ̀fóró. Ìbòmú kòrónà kò dá a dúró. Ẹ̀dọ̀fóró tó bá ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kì í gbà á mọ́. Ẹ fún pénítà tó ní yàrá rẹ̀ lówó, ẹ ṣe ìyókù fúnra yín.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, Leeds

Ẹ ṣeun, òótọ́ ni. Pénítà wa, hánkáṣíìfù ló fi so imú. Mo bá a sọ̀rọ̀, ó rẹ́rìn-ín.

Àbúrò Ilé, Òṣogbo

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àjò. Mo gun Honda bàbá lọ Ìkìrun lánàá. Nọ́ọ̀tì apá òsì lábẹ́ ti dẹ̀, mo ti wé e padà. Màmá ní kí n sọ fún yín pé àdìrẹ àwọn tí ẹ gbé lọ sọ́dọ̀ pénítà, ọ̀dà wà létí rẹ̀, ẹ rà á padà.

Ọmọ Gbọ̀nmi, Calgary

Sátidé rèé. Mo lẹ páálí, ìyàwó mi jókòó lé e, mo yí ọwọ́. Apá ọ̀tún lọ geere. Apá òsì, ìka kan péré ló wọ̀ ọ́, ìbọ̀wọ́ ò sì lọ rárá. Mo ti dá dírìlì padà sínú àpótí. Mo ń lọ wá páálí mìíràn.