Kí ni «ọ̀-» ń wá nínú «afọ̀mùtíhàn»?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́ mi, mo kí yín láti Àkúrẹ́.

Bùrọ̀dá wa tó dábàá pé kí a máa pe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wádìí ọtí mímu lára aláìsàn ẹ̀dọ̀ ní «afọ̀mùtíhàn», ìyẹn ohun tó ń fi ọ̀mùtí hàn, ṣiṣẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n n kò lè gba ọ̀rọ̀ náà wọlé, nítorí àfòmọ́ kan ṣoṣo, ìyẹn ọ̀-, tó wà láàárín rẹ̀. Orúkọ ènìyàn ni ọ̀- yìí ń fi ìṣe dá, bíi ti ọ̀mọ̀wé àti ọ̀dàlẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tó lè rí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀.

GGT, èròjà ẹ̀dọ̀ kan tí wọ́n ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀, máa ń lọ sókè lára ẹni tó ń mutí púpọ̀, àmọ́ ó tún ń lọ sókè lára ẹni tó ní hepatitis B, lára ẹni tí ọ̀rá kún ẹ̀dọ̀ rẹ̀, àti lára ẹni tó ń lo phenytoin fún wárápá. Ti CDT, èròjà mìíràn nínú ẹ̀jẹ̀ tí ọtí púpọ̀ máa ń mú lọ sókè, kò ṣeé gbára lé tó mọ́ bí ẹ̀dọ̀ bá ti bàjẹ́ jìnnà, bẹ́ẹ̀ aláìsàn ẹ̀dọ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ kàn. PEth, èròjà tí ọtí ń dá sílẹ̀, ló ṣeé gbọ́kàn lé jù, torí inú ẹ̀jẹ̀ tí ọtí bá wọ̀ ló ti ń wáyé, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4. Síbẹ̀, pé ọtí kọjá ló ń sọ. Ẹ ro bí ẹni tí kò tọ́ ọtí wò rí yóò ti gbọ́ «afọ̀mùtíhàn» lẹ́nu nọ́ọ̀sì níwájú àwọn àna rẹ̀!

Bàbá mi àgbà l'Óǹdó kì í jẹ́ kí á pe ẹni tó mu ẹmu yó níbi ìnáwó ní ọ̀mùtí. «Ó mutí» ni wọ́n ní kí á sọ.

Ẹ̀gbọ́n wa tó gbèjà «ọ̀mùtí», tó fèsì pé ẹni tó dá ọ̀ràn lẹ́ẹ̀kan náà ni à ń pè ní ọ̀daràn kò purọ́, ṣùgbọ́n adájọ́ ló ń fi orúkọ yẹn múlẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn ẹlẹ́rìí bá ti sọ tẹnu wọn. Mo dúró lórí èyí, bí wọ́n tilẹ̀ ní n kò kọ́ gírámà ní yunifásítì.

Èyí tí mo mú wá ni «àyẹ̀wò ipasẹ̀ ọtí». Ọdẹ tó rí ipasẹ̀ mọ̀ pé ẹranko kọjá, ṣùgbọ́n kò tíì rí ẹranko, ipasẹ̀ ẹtu sì lè jọ ti ẹran mìíràn lójú ọ̀gbẹ̀rì. Ẹni tó bá sì ní ọtí kò ní ẹsẹ̀, kí ó jọ̀ọ́ wo «nípasẹ̀», tí gbogbo wa ń lò láìronú kan ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni.