Díápò iṣẹ́ ọwọ́ wa àtijọ́: kí lẹ fi tiyín ṣe?

Ayàwòrán Àjàṣẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti 1984 ni mo ti ń ya àwòrán. Láyé ìgbà yẹn, bí a bá fẹ́ àfihàn, díápò, ìyẹn fíìmù kékeré aláwọ̀ inú férémù tí iná ń là kọjá, là ń fi ránṣẹ́. Ímeèlì nìkan ni wọ́n ń béèrè báyìí. Páálí bàtà méjì ló kún lábẹ́ ibùsùn mi, ìyàwó mi ní kí n kó wọn dànù.

Agbẹ́gi Kétu: Ẹ má kó wọn dànù, ẹ̀gbọ́n. Òyìnbó kan ya igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí bàbá mi gbẹ́, ó sì fún wọn ní díápò mẹ́rìnlá. Ikán ti jẹ òmíràn nínú àwọn igi náà, òmíràn ti rè Yúróòpù. Lọ́dún tó kọjá, mo fẹ́ tún ọ̀kan kùn. Mo gbé díápò rẹ̀ sójú fèrèsé, gèlè orí igi pọ́n bí osùn. Mo kùn ún ní pupa. Ìgbà tí ìyá mi rí i, omi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, “Wájì ni bàbá rẹ fi kùn ún. Èmi ni mo rà á wá látọjà.”

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́: Haà!

Fótò Wándò: Ẹ̀bi yín kọ́. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù Ektachrome àtijọ́ tí Kodak ṣe, àwọ̀ tó jọ ti ojú ọ̀run ló ń kọ́kọ́ ṣá, ni gbogbo ìyókù á bá pọ́n. Ẹ wo ara férémù. Bí ẹ bá rí Kodachrome, irú fíìmù Kodak mìíràn, níbẹ̀, ìyẹn ń pẹ́ nínú òkùnkùn, iná ẹ̀rọ tí a fi ń gbé e sára ògiri ló ń bà á jẹ́. Kodak ò ṣe é mọ́ láti 2009.

Ìyá Ìbejì: Ẹnu ìyá ju díápò lọ nìyẹn.

Agbẹ́gi Kétu: Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ṣùgbọ́n ilà ojú rẹ̀, ejò tó lọ́ mọ́ gèlè, inú díápò ni mo ti rí i.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́: Ta ló tiẹ̀ ni díápò ọ̀hún, òyìnbó àbí bàbá?

Ìyá Ìbejì: Bàbá!

Fótò Wándò: Ẹni tó tẹ kámẹ́rà ló ni fótò, ẹni tó gbẹ́gi ló ni igi.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́: Mi ò gbà.

Ayàwòrán Àjàṣẹ́: Tèmi ńkọ́? Òmíràn ti bu, ó ta bí òwú aláǹtakùn.

Fótò Wándò: Ẹ má fomi kàn án o! Ẹ fẹ́ eruku rẹ̀ dànù. Ẹ jẹ́ kí ojú fóònù kan funfun, kí ẹ gbé díápò sókè díẹ̀ lórí rẹ̀, kí ẹ fi kámẹ́rà yà á látòkè. Bó bá fara kan ojú fóònù, àwọn ẹyọ iná wẹ́wẹ́ á hàn nínú àwòrán.

Ìyá Ìbejì: Ẹ kọ orúkọ iṣẹ́, ọdún rẹ̀ àti ẹni tó rà á sára férémù. Ọkọ mi ò kọ nǹkan kan. Ọgọ́ta ló fi sílẹ̀, mi ò mọ èyí tó ṣáájú. Àwọn tó bàjẹ́ pátápátá ni mo fi okùn ìpẹja so kọ́ ojú fèrèsé. Bí oòrùn bá yọ láàárọ̀, àwọ̀ á bo ògiri yàrá wa.

Ayàwòrán Àjàṣẹ́: Páálí ti wà lórí tábìlì. Ìyàwó mi mú ọ̀kan tó pọ́n, ó ní àdìrẹ òun ni mo yà níbẹ̀, pé aró ni. Òun ló ń kọ ọ́ sí i lọ́wọ́ yìí.