Ooru fún ìpéǹpéjú: kí lẹ ń lò tí kì í tètè tutù?

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìbàdàn. Ojú gbígbẹ tó ti ara òróró etí ìpéǹpéjú wá ni mo fẹ́ bèèrè nípa rẹ̀, òróró tó ń gba inú àwọn ihò kéékèèké tí àwọn dókítà ojú ń pè ní meibomian jáde. Omijé ń sun, àmọ́ òróró tó yẹ kó bò ó lórí ti dì bí òrí lówùúrọ̀ ọyẹ́, kò ráyè jáde, ni omijé bá ń fẹ́ lọ. Òun ló fà á tí ojú gbígbẹ fi tún lè máa ṣomi.

Kí òróró yìí tó yọ́, ooru gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí 40°C lórí ìpéǹpéjú tó wà ní pípadé, fún bí ìṣẹ́jú 10. Lẹ́yìn náà la ó rọra fi ìka ra tòkè wá sísàlẹ̀, ká ra tìsàlẹ̀ lọ sókè. Wàhálà ibẹ̀ ni pé táwẹ́ẹ̀lì tí a rẹ sómi gbígbóná kì í pẹ́ tutù. Ta ló ti lo ìrẹsì tútù tí a dà sínú ìbọ̀sẹ̀, tí a wá mú gbóná, dípò táwẹ́ẹ̀lì? Báwo lẹ ṣe ń gbé e gbóná tí kò bá síná, tí apá kan kò fi ní jóni lójú?

Ẹ tún bá mi wá ilé oògùn ní Bódìjà tàbí Dùgbẹ̀ tó ń ta oògùn ojú oníke kéékèèké, èyí tí kò ní kẹ́míkà amóògùn-má-bàjẹ́ nínú. Kẹ́míkà yẹn ń ta ojú bí a bá ń kán an léraléra.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ ìtọ̀ tàbí omi ọmú bí oògùn ojú o.